Plac Centralny ní Nowa Huta: ìbéèrè tí ẹ máa ń béèrè àti ìdáhùn wọn

Àwọn ọmọ wa tó wá kàwé ní Kraków, àti àwọn òbí tó ń wá kí wọn, kì í pẹ́ béèrè nípa gbàgede ńlá tó wà lápá ìlà-oòrùn ìlú yìí. Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé léraléra, ni mo ṣe kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú. Àwọn tó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Kí ni Plac Centralny, ibo ló sì wà?

Gbàgede ni, ní àárín àdúgbò Nowa Huta, ní ìlú Kraków, lórílẹ̀-èdè Póláǹdì. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 8 sí Rynek Główny, ọjà àtijọ́ tí gbogbo àlejò ti ń ya fọ́tò. Òpópónà márùn-ún ló pàdé níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn kọjú sí apá àríwá, wọ́n sì tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí èèyàn ṣí. Méjì tó kù lọ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gìrìwò aláwọ̀ eérú, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó wà nísàlẹ̀ wọn, ló yí àwọn apá yòókù ká. Apá gúúsù nìkan ló ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ń bí ìbéèrè tó pọ̀ jù.

Báwo ni mo ṣe lè débẹ̀ láti àárín ìlú?

Ẹ wọ tíráàmù. Nọ́ńbà 4 máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ibùdó rélùwéè ńlá kọjá sí Plac Centralny, kó tó tẹ̀ síwájú lọ sí ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ irin. Ìrìn náà kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Wọ́n máa ń yí ọ̀nà tíráàmù padà bí iṣẹ́ bá wà lórí irin, nítorí náà ẹ wo pátákó ibùdókọ̀ kí ẹ tó wọlé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi í lu òǹtẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò kì í gbọ́ “àlejò ni mí”.

Ṣé wọ́n ń gba owó ìwọlé?

Rárá o. Ojú títì ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ló ń gbowó.

Kí ni Nowa Huta fúnra rẹ̀?

Ìlú tí ìjọba Kọ́múníìsì Póláǹdì dá sílẹ̀ ní 1949 fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ irin ńlá kan ni. Orúkọ náà gan-an kò ju “Iléeṣẹ́ Irin Tuntun” lọ. Ní 23 June 1949 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilé gbígbé àkọ́kọ́, lórí ilẹ̀ abúlé Mogiła. Nígbà tí ọdún 1951 wọlé, wọ́n ti so ó mọ́ Kraków, ó di àdúgbò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé yóò gbà. Nígbà tó yá, ó lé ní ìlọ́po méjì iye yẹn.

Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ sí kì í ṣe aginjù. Ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá ni, lára ilẹ̀ oko tó dára jù ní àgbègbè náà. Àwọn àgbẹ̀ Mogiła, Pleszów, Krzesławice àti Bieńczyce ló ń gbin àlìkámà àti ewébẹ̀ síbẹ̀. Ìjọba gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, owó tí wọ́n san kò sì tó nǹkan. Tí ẹ bá bá àgbàlagbà pàdé níbẹ̀ tí kò fẹ́ gbọ́ ìyìn kankan nípa gbàgede yìí, ó lè jẹ́ pé oko bàbá rẹ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ta ló yàwòrán rẹ̀?

Tadeusz Ptaszycki ló ṣe olórí àwọn ayàwòrán ilé tó pète gbogbo ìlú náà. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Stanisław Juchnowicz, tó wà lára wọn, ọdún 1923 ni wọ́n bí i, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà tí wọ́n ń fa ìlà ìlú náà. Èmi gbà pé ìdí nìyí tí ètò náà fi ya ẹni lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò tíì kọ́ ìlú rí kò mọ ohun tí kò ṣeé ṣe.

Wọ́n pín ìlú sí agbo-ilé ńláńlá tí wọ́n ń pè ní osiedle. Agbo kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́, ilé ìtọ́jú ọmọdé, ṣọ́ọ̀bù àti àgbàlá tó ní igi, kí ọmọ má bàa kọjá títì ńlá kó tó dé kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ará Amẹ́ríkà kan, Clarence Perry, ló ti gbé irú èrò yìí jáde ní àwọn ọdún 1920. Ìlú tí wọ́n kọ́ láti fi hàn pé ètò Kọ́múníìsì ta ètò Amẹ́ríkà yọ, èrò ará New York ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sára pátákó nígbà náà.

Ṣé àwọn ará Soviet ló kọ́ ọ?

Àwọn ará Póláǹdì ló yàwòrán rẹ̀, àwọn ló sì kọ́ ọ. Póláǹdì kò sí lára Soviet rí. Orílẹ̀-èdè tó dá dúró lórí ìwé ni, ṣùgbọ́n Moscow ló ń darí ohun tó ṣe pàtàkì. Níbi tí ọwọ́ Soviet ti hàn jù ni iléeṣẹ́ irin: ètò iṣẹ́ àti ẹ̀rọ láti ọ̀dọ̀ wọn, owó yíyá láti ọ̀dọ̀ wọn, òkúta irin láti Kryvyi Rih ní Ukraine. Àṣà ilé kíkọ́ pẹ̀lú, Moscow ló pàṣẹ rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ òjìji rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá pè é ní gbàgede ayé Soviet kò ṣìnà. Ẹni tó bá pè é ní gbàgede Rọ́ṣíà ló ṣìnà, àwọn ará ibẹ̀ yóò sì tún un ṣe fún un lójú ẹsẹ̀.

Kí ló dé tí ilé àwọn òṣìṣẹ́ fi dà bí ààfin?

Òfin àṣà ìgbà Stalin sọ pé kí ilé jẹ́ ti orílẹ̀-èdè ní ìrísí, kó sì jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ nínú. Ní Moscow, ìyẹn túmọ̀ sí ilé gogoro onírawọ̀. Ní Kraków, tí ó ti ní ààfin ọba Wawel àti ilé tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti Ítálì kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, àwọn ayàwòrán náà yíjú sí ohun tó wà nílé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó nísàlẹ̀, fèrèsé tó tò déédéé, ẹnu-ọ̀nà títẹ̀ tó ga tó ń wọ inú àgbàlá. Ẹni tó bá ti rí àgbàlá Wawel yóò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ilé méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ irin tilẹ̀ ju ti gbàgede lọ, wọ́n fi òkúta ṣe ọ̀ṣọ́ sí orí òrùlé wọn bí adé. Ààfin àwọn olórí Venice ni àwọn aráàlú máa ń fi pè é.

Ẹni tó wá láti abúlé tí kò ní iná, tó sì gba yàrá méjì tó ní omi ẹ̀rọ, ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlégbóná, kò rojọ́ nípa ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan fi gbé nínú bárékè onípákó kí ilé tó kàn wọ́n. Ẹrẹ̀ pọ̀ débi pé bàtà rọ́bà ni wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́. Ìwé ìròyìn ìjọba kò gbé fọ́tò bàtà yẹn jáde. Piotr Ożański ni wọ́n ń gbé, bíríkìlà tó ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1950 láti to bíríkì tó lé ní 30,000 ní ìdúró iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Kí ló dé tí apá gúúsù fi ṣófo?

Nítorí pé Stalin kú kí wọ́n tó débẹ̀ ni. Ètò àkọ́kọ́ ní ilé tíátà ńlá kan lápá gúúsù àti òpó gogoro kan láàárín gbàgede. Ní ìparí Aleja Róż, òpópónà tó kọjú sí àríwá, gbọ̀ngàn ìlú tó ní ilé ìṣọ́ gíga ni ó yẹ kó wà. Kò sí èyí tí wọ́n kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Stalin kú ní 1953. Nígbà tí ọdún 1956 fi máa parí, ìjọba Póláǹdì ti yí ohùn padà, owó ọ̀ṣọ́ ti tán, ilé ńlá olópòó sì ti di ohun ìtìjú. Láìpẹ́ sígbà náà ni ilé gígùn pẹlẹbẹ kan dìde nínú Nowa Huta kan náà. Àwọn tọkọtaya ayàwòrán ilé, Marta àti Janusz Ingarden, ló yàwòrán rẹ̀, àwọn aráàlú sì sọ ọ́ ní “ilé Sweden” nítorí pé kò ní ọ̀ṣọ́ kankan.

Gúúsù gbàgede wá wà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, sí pápá koríko àti àbàtà tó jẹ́ ipa odò Vistula ìgbà kan. Láti 2003 ni òfin ti ń dáàbò bo pápá yìí, Łąki Nowohuckie, tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 57. Labalábá àti ẹyẹ tí ẹ kò lè rí níbòmíràn nínú ìlú wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà onípákó tí èèyàn lè rìn lórí rẹ̀. Nowohuckie Centrum Kultury, ilé àṣà tó ṣí ní 1983, dúró sí etí gẹ̀rẹ́ náà, àwọn ilé Centrum E tí Romuald Loegler yàwòrán rẹ̀ sì dé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọn kò dí ojú ọ̀nà náà pa.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ afinimọ̀nà pé àléébù gbàgede náà nìyí. Èmi kò gbà. Tí tíátà yẹn bá dìde, àgbàlá tó pa mọ́ni lórí ni ibẹ̀ ì bá jẹ́, bí irú rẹ̀ mélòó kan ní ilẹ̀ Yúróòpù. Àìparí yẹn ló fún un ní ojú ọ̀run àti koríko. Kìkì pé afẹ́fẹ́ a máa gba ibẹ̀ wọlé láìsí ìdènà: ẹ mú kóòtù tó dára dání láti October lọ.

Kí ni mo lè ṣe níbẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò?

Ẹ rìn. Ẹ gba abẹ́ ẹnu-ọ̀nà títẹ̀ wọ inú àgbàlá àwọn agbo-ilé. Ibẹ̀ ni Nowa Huta wà gan-an, kì í ṣe lójú títì. Igi ti dàgbà ju ilé lọ ní àwọn ibì kan. Ẹ má kàn gbé fóònù sí fèrèsé onílé.

Ilé sinimá àtijọ́ Światowid, tí kò jìnnà, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Nowa Huta. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ni, àwọn bar mleczny, ìyẹn búkà olówó pọ́ọ́kú láti ayé Kọ́múníìsì, ṣì ń ta pierogi àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ata kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ ti mú tirẹ̀ dání. Àwọn kan tún ń fi mọ́tò Trabant gbé àlejò káàkiri. Ariwo àti èéfín rẹ̀ wà nínú owó tí ẹ san.

Ṣé ó léwu fún aláwọ̀ dúdú?

Lọ́sàn-án, èmi kì í ronú nípa rẹ̀. Orúkọ burúkú tí Nowa Huta ní, láti àwọn ọdún 1990 ló ti wá, nígbà tí iṣẹ́ ń tán níléeṣẹ́ irin, tí àwọn ọmọ ìta tó ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù sì ń bá ara wọn jà. Ó ti rọlẹ̀ gan-an. Àwọn ìdílé ọ̀dọ́ ti ń ra ilé síbẹ̀ nítorí igi àti àyè.

Ohun kan ni mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ wa: ẹ má wọ jẹ́sì tàbí síkáàfù àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Wisła, Cracovia tàbí Hutnik kiri àdúgbò tí ẹ kò mọ̀. Ìṣọ̀tá tó wà láàárín Wisła àti Cracovia kì í ṣe eré. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sí bẹ́ǹṣì yóò wò yín láti òkè délẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ẹ kí wọn, “dzień dobry”. Àgbà tí a kí kì í pẹ́ tú ojú ká, níhìn-ín bíi nílé.

Iléeṣẹ́ irin náà ńkọ́, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?

Díẹ̀. Ní July 1954 ni iléru ńlá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ irin, wọ́n sì fi orúkọ Lenin pe iléeṣẹ́ náà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ 40,000, irin tó ń jáde lọ́dún sì ju mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù lọ. Èéfín rẹ̀ ń jẹ òkúta ṣọ́ọ̀ṣì àti ère tó wà ní àárín Kraków.

Ní 1990 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí ti Tadeusz Sendzimir, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Póláǹdì tó lókìkí ní Amẹ́ríkà. ArcelorMittal ló ni ín báyìí. Ní November 2019 wọ́n dá iṣẹ́ iléru dúró, ní 2020 wọ́n kéde pé ó tán nìyẹn. Àwọn ẹ̀ka tó ń rọ́ irin pẹlẹbẹ ṣì wà. Láti gbàgede, ẹ gba Aleja Solidarności, ìrìn ìdajì wákàtí, ẹ ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé Lenin dúró níbẹ̀ rí?

Aleja Róż ló dúró sí, ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí gbàgede. Wọ́n ṣí aṣọ lórí ère náà ní 28 April 1973. Marian Konieczny ló gbẹ́ ẹ, ẹni kan náà tó ṣe ère Nike fún àwọn akọni Warsaw. Lenin náà ń rìn, kóòtù rẹ̀ ń fẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí gbọ̀ngàn ìlú ì bá wà. Ní April 1979 ẹnì kan gbé bọ́ǹbù sí i lẹ́sẹ̀ lóru, kò rí ju ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́. Wọ́n tún un ṣe.

Ní 1989, nígbà tí ìjọba ti yí padà, àwọn ọ̀dọ́ ń wá bá a léraléra, ọlọ́pàá sì ń lé wọn. Ní 10 December 1989 ni kireeni gbé e kúrò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni oníṣòwò kan rà á lọ sí High Chaparral, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Sweden tí wọ́n ṣe bí ìlú àwọn darandaran Amẹ́ríkà ayé àtijọ́. Ibẹ̀ ló wà.

Ní 2014, nígbà àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà kan, wọ́n gbé Lenin kékeré aláwọ̀ ewé kan sí ibi tí ńlá ti dúró. Ó ń tọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú bí àwọn kan, wọ́n sì kó o kúrò lẹ́yìn àjọ̀dún.

Orúkọ wo gan-an ni kí n pè é, Centralny tàbí Reagan?

Orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ni Plac Centralny im. Ronalda Reagana. Ìgbìmọ̀ ìlú Kraków ló fi orúkọ Reagan kún un ní 2004, ọdún tí ààrẹ Amẹ́ríkà yẹn kú, nítorí ìtìlẹ́yìn rẹ̀ fún Solidarność, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dìde sí ìjọba Kọ́múníìsì. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò kò fẹ́ ẹ. Ní ẹnu àwọn aráàlú, Plac Centralny ni. Tí ẹ bá sọ fún awakọ̀ takisí pé Reagan lẹ ń lọ, ẹ ó rí i bí yóò ṣe wò yín.

Àwọn òpópónà náà ti gba orúkọ tuntun. Aleja Lenina di Aleja Solidarności. Èyí tí wọ́n fi ètò ọdún mẹ́fà ìjọba sọ di ti Póòpù John Paul Kejì. Èyí tó ń jẹ́ Ìyípadà October di ti ọ̀gágun Anders. Aleja Róż nìkan kò yí padà. Òdòdó róòsì kò bá ẹnikẹ́ni ṣe òṣèlú.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi ààbò wà lábẹ́ àwọn ilé náà?

Òótọ́ ni. Nǹkan bí 250 ló wà lábẹ́ Nowa Huta, nítorí pé ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ogun Kòríà ń jà, gbogbo ayé sì ń retí ogun kẹta. Ilẹ̀kùn irin wà, ihò afẹ́fẹ́ wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Światowid ní ọ̀kan tí wọ́n ń fi han àlejò.

Ìtàn kejì tí àwọn afinimọ̀nà máa ń fi kún un ni pé wọ́n pète gbogbo àdúgbò náà bí odi: ẹnu-ọ̀nà títẹ̀ tó ṣeé dí, títì tó fẹ̀ fún ọkọ̀ ogun. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Títì tó fẹ̀ wúlò fún ìwọ́de Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ohun tí wọ́n sì fi í ṣe nìyẹn.

Mo gbọ́ pé ìlú tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú ètò náà. Àwọn mọ́ńkì Mogiła ti wà nítòsí láti nǹkan bí 1220, wọn kò sì kúrò, ṣùgbọ́n ìlú tuntun kò ní tirẹ̀. Lẹ́yìn 1956 ìjọba fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ́ ọ̀kan, wọ́n sì ri àgbélébùú mọ́lẹ̀ níbi tí yóò wà. Nígbà tó yá, ìjọba yí ohùn padà. Ní 27 April 1960 wọ́n rán òṣìṣẹ́ láti hú àgbélébùú náà. Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ dí wọn lọ́nà, àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ sì dara pọ̀. Ìjà ọ̀hún pẹ́ di òru, pẹ̀lú tajútajú àti òkò. Àgbélébùú dúró.

Bíṣọ́ọ̀bù kan tí ń jẹ́ Karol Wojtyła ti ń ṣe ìsìn òru Kérésìmesì fún wọn ní gbangba, nínú òjò dídì, ní Bieńczyce láti 1959. Òun náà ló ya ṣọ́ọ̀ṣì Arka Pana sí mímọ́ ní 15 May 1977, ní ọdún kan lé díẹ̀ kó tó di Póòpù. Nígbà tó padà wá sí Póláǹdì gẹ́gẹ́ bíi Póòpù ní June 1979, ìjọba kò jẹ́ kó wọ àárín Nowa Huta. Mogiła ló ti ṣe ìsìn. Òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wá ń gba àárín gbàgede kọjá báyìí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nígbà ìjà Solidarność?

Àwọn tí wọ́n kọ́ ìlú náà fún ló dìde sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba kéde òfin ológun ní 13 December 1981, iléeṣẹ́ irin yan iṣẹ́ lódì. Láti 1982 lọ, ìwọ́de ń ti ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ wá sí ìhà ṣọ́ọ̀ṣì àti gbàgede, àwọn ZOMO, ọlọ́pàá akọ, sì ń fi omi, tajútajú àti kóńdó pàdé wọn. Ní 13 October 1982, òṣìṣẹ́ ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ kan yìnbọn pa Bogdan Włosik, ọmọ ogún ọdún, nítòsí Arka Pana. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì ńlá tún bẹ̀rẹ̀ ní April 1988. Lóru 4 sí 5 May ni ZOMO ya wọ iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì lu àwọn òṣìṣẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba yẹn ti padà ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbò.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n kọ́ Nowa Huta láti fìyà jẹ Kraków?

Gbogbo ará Kraków ló mọ ìtàn yìí: ní ìbò gbogbogbòò June 1946, ìlú Kraków dìbò tako àwọn Kọ́múníìsì, ìjọba sì fi iléeṣẹ́ irin san án fún wọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè bo àwọn ọ̀mọ̀wé àti olówó ìlú mọ́lẹ̀. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́: ìjọba kò fẹ́ràn Kraków, ó sì wù wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í torí ìkà nìkan gbé iléru kalẹ̀. Odò Vistula wà fún omi. Rélùwéè wà. Èédú Silesia kò jìnnà, òkúta irin sì lè gba ìlà-oòrùn wọlé. Àwọn abúlé gúúsù Póláǹdì kún fún ọ̀dọ́ tí kò ní ilẹ̀ tó, Kraków sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Lójú tèmi, ìdí wọ̀nyí ló gbé e wá. Ìfìyàjẹ jẹ́ ẹ̀bùn tó bá a wá. Ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ lójú àgbàlagbà ará Kraków tí ẹ kò bá ní àyè fún àríyànjiyàn.

Ṣé wọ́n lè wó o tàbí kí wọ́n parí rẹ̀?

Ó nira. Ètò ìlú Nowa Huta ti wà nínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá tí òfin ń dáàbò bò láti ìparí 2004, ní 2023 sì ni ààrẹ orílẹ̀-èdè sọ ọ́ di Pomnik Historii, ipò tó ga jù tí Póláǹdì ń fún ohun àtijọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé pàápàá gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ìjà tó kù ni ti mọ́tò: ọkọ̀ ló ń yí àárín gbàgede po, ẹlẹ́sẹ̀ sì ń sá fún wọn. Àtúnṣe tí èmi ì bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí ni kí wọ́n dín ọ̀nà ọkọ̀ kù.

Ṣé irú rẹ̀ wà níbòmíràn? Ajaokuta ńkọ́?

Ìlú irin irú èyí pọ̀ láyé ìgbà náà: Eisenhüttenstadt ní Jámánì, Dunaújváros ní Hungary, tí àwọn méjèèjì jẹ́ orúkọ Stalin rí; Dimitrovgrad ní Bulgaria náà, àmọ́ ti kẹ́míkà àti símẹ́ńtì ni. Nowa Huta ló tóbi jù nínú àwọn wọ̀nyí, òun náà sì ni gbàgede rẹ̀ gbayì jù, kódà láìparí.

Ajaokuta ní ìpínlẹ̀ Kogi jẹ́ ọmọ ìyá wọn lọ́nà kan. Tyazhpromexport, iléeṣẹ́ ìjọba Soviet, ni Nàìjíríà bá tọwọ́ bọ̀wé ní 1979. Odò ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́, wọ́n gbé iléru dúró. Ìyàtọ̀ wọn ni pé iléru Nowa Huta ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínláàádọ́rin kí wọ́n tó pa á, ti Ajaokuta kò yọ́ irin rí. Nígbà tí wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé ti Ajaokuta, àṣà ààfin ti kọjá lọ ní Moscow pàápàá, nítorí náà ilé lásán ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, kò sí òpó, kò sí ọ̀ṣọ́. Àwọn tó máa ń pa ilé ìrọ́rin Òṣogbo pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń ṣì í: iléeṣẹ́ irin Aladja, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni wọ́n ṣètò pé kó máa fi irin ránṣẹ́ sí Òṣogbo, àwọn ará Jámánì àti Austria ló sì kọ́ Aladja.